Orúkọ Inú Abọ́

Ìgbà kẹta rèé láti àárọ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi kọ́ọ̀bù tíì bojú, ó yọjú wo tábìlì kejì láti ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù náà. Òótọ́ ni! Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Dákẹ́jẹ́ tún ń wò ó. Bí ojú wọn ṣe pàdé, kíá ni Dákẹ́jẹ́ tẹjú mọ́ búrẹ́dì iwájú rẹ̀, bí ẹni pé búrẹ́dì náà fẹ́ sá lọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò ṣàdédé fún un lórúkọ yẹn o. Bí olùkọ́ bá rẹ́rìn-ín wọ kíláàsì, á ní ìdánwò òjijì ń bọ̀. Bí ẹnìkan bá yá a níwèé láìjẹ́ pé ó tọrọ, á tú ìwé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, á máa wá ohun tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ gan-an máa ń sọ pé, "Ọmọ yìí, bí áńgẹ́lì bá kanlẹ̀kùn wa lónìí, wàá ní kó kọ́kọ́ mú káàdì ìdánimọ̀ wá."

Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó nídìí tí ọkàn rẹ̀ kò fi balẹ̀. Fóònù kan wà lábẹ́ pílò rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wọn, tí ìjọ Kristẹni kan dá sílẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gbé inú rẹ̀, ló kó kíláàsì wọn wá sí ìpàgọ́ àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Òfin ibẹ̀ kò rú ẹnikẹ́ni lójú: kò gbọdọ̀ sí fóònù. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ kò ní bá wọn lọ sí ilé iṣẹ́ dígí tí wọ́n fẹ́ ṣàbẹ̀wò sí ní ọjọ́ kẹta. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gbé e wá. Oyún àǹtí rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ó sì fẹ́ gbọ́ nígbà tó bá bímọ. Ó lè lọ bá mátíróònù tó ń mójú tó wọn pé kó bá òun pè wọ́n nílé. Kò lọ. Ó dá a lójú pé mátíróònù á ní irọ́ ni òun ń pa.

Láti ọjọ́ kìíní ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ti ibi ìwẹ̀ dé, ó bá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní títẹ́, aṣọ rẹ̀ ní kíká. Ó jí láàárọ̀, ó bá omi nínú bákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bàtà rẹ̀ tí okùn rẹ̀ já, wọ́n ti fi òwú dúdú rán an, ó dì gírígírí. Ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́? Ó béèrè nínú yàrá àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń sùn, kò sẹ́ni tó dáhùn, ṣùgbọ́n ó rí abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú lórí bẹ́ẹ̀dì Dákẹ́jẹ́.

"Ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ pílò ló ń tún bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíì ṣe," ó sọ fún ara rẹ̀. "Olófòófó ni. Mátíróònù ló fi ṣọ́ mi."

Ohun tí kò wá sí i lọ́kàn rárá ni abọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní náà, olùkọ́ Bíbélì gbé abọ́ kan yí gbogbo wọn ká. Orúkọ olúkúlùkù wọn ló wà nínú rẹ̀ lórí pépà kíká. Orúkọ ẹni tí o bá mú, ìwọ di ọ̀rẹ́ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ nìyẹn: wàá gbàdúrà fún un, wàá ṣe é lóore láìjẹ́ kó mọ̀, o ò sì gbọdọ̀ yanu sọ ọ́ títí di ìsìn ìkẹyìn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mú orúkọ ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ó gbàdúrà oréfèé kan fún un, ó ti pépà náà bọ àpò, ọ̀rọ̀ parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mátíróònù dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, ó káwọ́ gbera.

"Mo gbọ́ tí fóònù dún bí mo ṣe ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé yín. Gbogbo yín, ó yá, ọ̀dẹ̀dẹ̀! Mò ń bọ̀ wá tú báàgì."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbójú wo pílò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni fóònù ọ̀hún dún kí iná rẹ̀ tó tán, mátíróònù sì ti mọ̀! Kò gbà pé mátíróònù ló gbọ́ ọ fúnra rẹ̀: ta ló tún lè sọ fún un bí kò ṣe Dákẹ́jẹ́? Bí àwọn yòókù ṣe ń rọ́ jáde, ó fà sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá bàtà. Báàgì Dákẹ́jẹ́ wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó ju fóònù sínú rẹ̀.

"Wọn ò ní tú báàgì olófòófó tiwọn," ó ń sọ nínú ara rẹ̀. "Bí wọ́n bá sì tú u, kó jìyà rẹ̀. Ó tọ́ sí i."

Wọ́n tú u. Mátíróònù gbé fóònù náà sókè, tòun ti èèpo rẹ̀ pupa tó ní òdòdó funfun lẹ́yìn. Dákẹ́jẹ́ wò ó, ó gbójú wo Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wolẹ̀.

"Tìẹ ni?"

"Rárá, mà."

"Ta ló ni í?"

Dákẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti aṣọ rẹ̀ padà sínú báàgì.

"Ó dáa. O ò ní tẹ̀ lé wọn lọ́la."

Dákẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà! Ẹ jẹ́ kí n fọ gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibí. Ilé iṣẹ́ dígí yẹn ni màmá mi ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò tíì fojú kàn wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù."

"Sọ ẹni tó ni í, kó o lọ rí màmá rẹ."

Omi dà lójú Dákẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kò la ẹnu. Ojú ti Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọ̀rọ̀ wá dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì. Ẹ sì gbọ́ ohun tó ń rò: "Ó ti rí i lábẹ́ pílò mi, ó mọ̀ pé èmi ni, kò sọ. Kí ló ń dúró dè? Ó fẹ́ máa fi halẹ̀ mọ́ mi ni!"

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n lọ, wọ́n fi Dákẹ́jẹ́ sílẹ̀. Ooru inú ilé iṣẹ́ dígí náà kọjá sísọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ti ọ̀pá irin gígùn bọ iná, wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ ẹ, dígí pupa fòò ń wú lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin kan bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó nípọn, ó gbé awò dúdú kúrò lójú, ó ń wo àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń wọlé. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn wọlé, ó tún wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Iwájú Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló dúró. "Ọmọ mi, gbogbo yín nìyí? Ọmọ tèmi ńkọ́, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ yẹn?"

"Ara rẹ̀ ò yá, mà."

"Háà! Kí ló ń ṣe é? Ṣé orí ni àbí inú?"

"Orí ni, mà."

Ìyá náà mi kanlẹ̀. Ó lọ mú ife dígí kékeré kan wá, ó ti fi ìwé ìròyìn wé e dáadáa. "Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa pé kó wá fẹ́ dígí kan fúnra rẹ̀ lónìí. Gbogbo ará ibí ni mo ti sọ fún. Bá mi fún un. Sọ fún un pé mo kí i." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní òógùn ni.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò rántí ohunkóhun mọ́ nínú àbẹ̀wò náà.

Wọ́n padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ìsìn ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka orúkọ tí wọ́n mú, ẹ̀rín ń sọ. Ó kan Dákẹ́jẹ́. Ojú rẹ̀ ṣì wú. Ó tú pépà rẹ̀.

"Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo mú," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo pọn omi fún un, mo rán bàtà rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń dárúkọ àǹtí rẹ̀ lójú oorun, mo bá wọn gbàdúrà pé kí wọ́n bí ní ìrọ̀rùn." Ó jókòó.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò dúró kó kàn án. Ó dìde, ó bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn: fóònù, báàgì, irọ́ tó pa fún ìyá ọlọ́mọ. Mátíróònù pàápàá bẹ Dákẹ́jẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ta òun lólobó, etí òun lòun fi gbọ́ ọ. Wọ́n ní Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò ní bá wọn lọ sí àbẹ̀wò kankan mọ́ títí ọdún ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ti ti ilé iṣẹ́ dígí dé, kò sẹ́ni tó lè dá a padà síbẹ̀.

Ó lọ bá Dákẹ́jẹ́ lẹ́yìn ìsìn, ó kúnlẹ̀, ó na ife náà sí i. "Màmá rẹ ní kí n kí ọ. Jọ̀ọ́, má bínú. Nígbà tó o dárúkọ mi yẹn, ó dùn mí dé ọkàn."

Dákẹ́jẹ́ tú ìwé ìròyìn náà jẹ́jẹ́, ó gbé ife náà mọ́ àyà.

"Ká ní orúkọ ẹlòmíì ni mo mú ńkọ́? Ṣé ò bá jẹ́wọ́?"

Dákẹ́jẹ́ gbé ife rẹ̀, ó wọlé lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni tó jí, Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pọn omi sínú bákẹ́ẹ̀tì Dákẹ́jẹ́, ó sì ń pọn ọ́n bẹ́ẹ̀ títí táàmù fi parí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó dáa kéèyàn lajú sílẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó pe ẹnìkan ní ọ̀tá, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè. Bí ẹ bá sì ti ṣẹ̀, ẹ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ìyà yín má baà já lé ẹlòmíì lórí. Ìbéèrè Dákẹ́jẹ́ ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò tíì rí i dáhùn.