Ìbọ̀sẹ̀ Ìyá Àgbà

Àṣíáwù, ẹni tí a jọ ń tajà ní ìlú Bouaké ní ìdálẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ọmọ rẹ̀ Qoreebah ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Qoreebah jókòó sórí ẹní, abẹ́rẹ́ ìhun mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ló ń hun fún ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá Àgbà Sèlíátù. Ìyá fẹ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, láti lọ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Ọgbọ̀n ọdún ni wọn kò ti fojú kanra. Ọ̀nà jìn, otútù inú ọkọ̀ sì pọ̀.

"Ìyá, ẹ na ẹsẹ̀ yín."

Ìyá nà án. Ìbọ̀sẹ̀ náà dé gìgísẹ̀, ó dúró síbẹ̀ bí ìbaaka olóríkunkun.

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Ojú òwú méjìdínláàdọ́ta ni Madámù tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ ní kó fi bẹ̀rẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà. Ó tú u, ó fi ojú mẹ́rin kún un. Ó tún tú u, ó tún fi mẹ́rin kún un. Òwú náà ti rí jákujàku. Nígbà tí Aaliyah ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Ọ̀rẹ́, ṣé iṣu ńláńlá ọjà Djébonoua lo fẹ́ wọ̀ ọ́ fún ni?"

Qoreebah mú okùn tó fi wọn ọrùn ẹsẹ̀ Ìyá lọ́jọ́ kìíní. Ó yí i ká. Ẹnu okùn kò kanra mọ́. Ó ku ìka méjì. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ náà, ojú ibi tó tẹ̀ jìn wọlé, kò sì tètè kún.

Àṣé kì í ṣe ìhun ló bàjẹ́. Ẹsẹ̀ ló ń wú.

Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi oríkì pè é. "Àwẹ̀ró, pa ẹnu rẹ mọ́. Bí bàbá rẹ bá gbọ́, ó di ilé ìwòsàn, ọkọ̀ á sì fi mí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè dúró dè mí títí ayé."

"Ìyá, ṣé ó ń dùn yín?"

"Ta ló bi ọ́? Máa hun tìẹ."

Qoreebah dákẹ́. Ó rò pé ọ̀wọ̀ nìyẹn. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, bó ṣe ń fi ojú kún ìbọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà ń sanra sí i. Àwáàlù bàbá rẹ̀ bi í pé, "Ìbọ̀sẹ̀ yìí kò tíì parí ni?"

"Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n hun dáadáa ni."

Ìyá fa ìró bo ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán Sátidé, ó ku ọjọ́ kan ṣoṣo kí Ìyá rin ìrìn àjò rẹ̀. Ìyá ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà tí èémí rẹ̀ há. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Qoreebah ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sá lọ sí bùtíìkì tí bàbá rẹ̀ ti ń tajà, ó fi okùn náà lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹsẹ̀ Ìyá ń wú. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti mọ̀."

Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá dé ilé ìwòsàn, dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. "Ká ní ẹ tètè gbé wọn wá ni, oògùn oníhóró ì bá tó. Ní báyìí, wọ́n á dúró lọ́dọ̀ wa. Mi ò lè sọ ìgbà tí wọ́n máa lọ."

Àwáàlù kò lu ọmọ rẹ̀. Ó kàn wò ó. "Kékeré là á ti pẹ̀ka ìrókò, Qoreebah. Bí àgbà bá ní kí o má sọ ohun tó lè pa òun, ọ̀wọ̀ kọ́ ni kí o dákẹ́. Sọ ọ́, kódà bó bá máa bínú sí ọ."

Ní àárọ̀ Àìkú, nọ́ọ̀sì wá mú Ìyá lọ sí yàrá mìíràn. Qoreebah kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́wàá, Ìyá."

"Ọkọ̀ ti lọ nìyẹn."

Qoreebah na ìbọ̀sẹ̀ náà sí i. Ìyá kò gbà á. Ó di apá nọ́ọ̀sì mú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì lọ nílẹ̀ tútù, láìwọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀, títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.