Káàdì Tí Télọ̀ Fi Áyọ́ọ̀nù Tẹ̀

"Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ káàdì yìí jáde, oòrùn kọ̀, kò wọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní òun ṣì ń wò ó!"

Télọ̀ kan ló sọ bẹ́ẹ̀, tó gbé káàdì alàwòrán agbábọ́ọ̀lù kan, irú èyí tí àwọn èèyàn ń kó jọ, kalẹ̀ lórí káńtà, tí téèpù tó fi ń wọn aṣọ rọ̀ lọ́rùn rẹ̀ bí ejò tó sùn.

Arábìnrin tó jókòó lẹ́yìn káńtà gbójú sókè. Ojú ni ẹ ń wí? Bí abẹ́rẹ́ bá sọ nù sínú òkun tí ojú yẹn wo omi lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ á jáde fúnra rẹ̀, á tọrọ àforíjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ káàdì wò, kó ya ojúlówó sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú, kó sì fún ojúlówó ní máàkì láti oókan dé ẹ̀wá. Olójú-Àṣá ni wọ́n ń pè é.

Télọ̀ gbàgbé irọ́ tó kù.

Olójú-Àṣá gbé dígí tó ń sọ eèrà di erin lé káàdì náà. "Bọ̀dá, tó bá jẹ́ ojúlówó, àwọ̀ rẹ̀ á jẹ́ àmì kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n kàn da yíǹkì pọ̀ sórí èyí ni. Ayédèrú ni."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹwà yín pọ̀ jù, ó ń fu mí lára."

Ó rẹ́rìn-ín títí dígí fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí télọ̀ ṣe di oníbàárà nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń yọ káàdì kan nínú páálí tó ti ń kó wọn sí láti kékeré. Olójú-Àṣá á wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á wo etí, á wo ojú rẹ̀, á fi rúlà wọ̀n ọ́n bóyá àwòrán wà láàrin gbùngbùn, á sì fún un ní máàkì. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Mẹ́ta. "Ẹ" di "o" láàrin wọn, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá Olójú-Àṣá ló ni ṣọ́ọ̀bù náà.

"Ọmọ mi, ibi tí a ti ń mú irọ́ lo ti fẹ́ fẹ́ onírọ́? Ó ní òun rán ṣòkòtò fún òkè! Ó tún ní ó há òkè nídìí!"

"Bàbá, ta ni irọ́ yẹn ṣe ní jàǹbá?"

"Ọjọ́ tí irọ́ bá máa ṣe é lóore, tó wá sọ òótọ́, ọjọ́ yẹn ni kó wá bá mi sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Olójú-Àṣá kò sọ èyí fún télọ̀. Télọ̀ kàn mọ̀ pé bàbá ò fẹ́ràn òun. Ó bá mú káàdì tó kù ní ìsàlẹ̀ páálí, èyí tí ìyá rẹ̀ rà fún un kó tó kú. Káàdì náà ti ṣẹ́po lójú. Télọ̀ fi aṣọ bò ó, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e bó ṣe ń ṣe kọ́là, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó lè gba máàkì tí á wú bàbá lórí.

Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù. "Ǹjẹ́ ẹ gé káàdì yìí, ẹ fọ̀ ọ́, tàbí ẹ tẹ̀ ẹ́? Èyí tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí kì í gba máàkì." Bàbá dúró tì í. Bíírò télọ̀ dúró lórí ìbéèrè yẹn.

Olójú-Àṣá ti káàdì náà padà. "Mi ò lè yẹ èyí wò."

Télọ̀ gbójú sókè. "Kí ni mo ṣe?"

"Òfin wa ni. A kì í yẹ káàdì wò fún ẹni tí a máa fẹ́." Ojú rẹ̀ wà lára bàbá rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. "Bàbá ló máa wò ó."

Télọ̀ wo Olójú-Àṣá títí. Ó bá tẹ bíírò mọ́ fọ́ọ̀mù, ó kọ ọ́: *Mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́.*

Bàbá gbé dígí, ó yí káàdì síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Mi ò rí nǹkan kan. Mẹ́jọ ni ǹ bá fún un. Kí ló dé tó o fi kọ ọ́?"

"Bàbá, irọ́ tí mò ń pa, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló mọ̀ pé irọ́ ni. Èyí, ẹ ò bá gbà á gbọ́."

Bàbá mú bíírò. Ó kọ *Ojúlówó. A ti tẹ̀ ẹ́. Kò ní máàkì.* Ó tì í mọ́ inú ike líle, ó nà án sí télọ̀.

"Máa bọ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, ká jọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó."

Télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò gba òrùlé. Ó jáde sáàrin àwọn oníbàárà tó tò síta.

"Ẹ wò ó! Mọ́kànlá nínú mẹ́wàá! Bàbá ìyàwó mi sunkún, omi ojú rẹ̀ gbé àga lọ! Ó wólẹ̀ fún mi, ó ní kí n ṣáà dákun fẹ́ ọmọ òun—"

"Ta ló wólẹ̀?"

Bàbá ló dúró sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, rúlà lọ́wọ́.

Télọ̀ kò dúró dáhùn. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, káàdì ìyá rẹ̀ láyà, téèpù ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, Olójú-Àṣá sì ń fi ẹ̀rín pariwo lójú fèrèsé:

"Aago mẹ́wàá o, olówó orí mi! Má pẹ́!"