Mínítì Kejì Lórí Bẹ́ǹṣì

Òjò ò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, omi inú garawa ti di yìnyín, síbẹ̀ bẹ́ǹṣì tí Tannetje fẹ́ jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì Oudewerve tutù rinrin. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Ibì kan báyìí ni, lápá òsì, ìwọ̀n ibi tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè jókòó sí. Tannetje ò nù ún. Ó rọra jókòó tì í, ó gbọn aṣọ dúdú ọrùn rẹ̀, ó sì dojú kọ àga ìwàásù.

"Ìyá Krina, ibẹ̀ tún ti tutù?" Jacomina tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Òrùlé yìí mà ń jò o."

"Òjò wo ló rọ̀?"

Jacomina ṣí ìwé orin rẹ̀.

Àfi kí n ṣàlàyé. Ní Zeeland, ilẹ̀ òyìnbó kan létí òkun, nínú irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, ìwàásù a máa gùn bí ọjọ́ ebi, ọ̀nà mẹ́ta ni àlùfáà sì ń pín in sí. Kí àwọn ọmọdé lè fara dà á, gbogbo ìyá ló ń gbé agolo mínítì, súìtì kékeré tó máa ń tutù lẹ́nu, lọ́wọ́. Bí apá kìíní bá bẹ̀rẹ̀, mínítì kan; apá kejì, òmíràn; apá kẹta, òmíràn. Lọ́dún tó kọjá, òkun já òkìtì tí wọ́n fi ń dá a dúró, ó ya wọ ilẹ̀, ó pa èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀sán káàkiri orílẹ̀-èdè. Krina wà lára wọn. Ọdún mọ́kànlá ni Tannetje fi gbàdúrà kó tó bí i, kò bí òmíràn lé e, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ títí dòní.

Ọwọ́ tó ti mọ́ra kì í mọ̀ pé ọmọ ti lọ. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí wọ́n tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣí, mínítì méjì ló mú jáde, ó gbé ìkejì sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó máa wò ó, ó ti fẹ́lẹ́. Ẹnì kan ti lá a. Ó fi kan ahọ́n, iyọ̀ òkun ló tọ́ wò.

Láti ọjọ́ náà, kò pa Sọ́ńdè kan jẹ. Àwọn ará ìjọ ń kan sáárá sí i. "Ẹ wo ìgbàgbọ́! Ọlọ́run gba ọmọ, kò fi Ọlọ́run sílẹ̀." Ìgbàgbọ́ kẹ̀! Inú ń bí obìnrin yìí. Ńṣe ló máa ń wa eyín pọ̀ bó bá ń gbàdúrà. "Mo pa ọjọ́ Rẹ mọ́," ni ó máa ń sọ, "Ìwọ ò pa ọmọ mi mọ́." Ṣùgbọ́n tó bá fi Ọlọ́run sílẹ̀, ta ni yóò kù tó máa bá jà?

Ọkọ rẹ̀, Marinus, ni ìlú ń bínú sí. Alàgbà ìjọ ni tẹ́lẹ̀, òun ló sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé pákó, níbi tí wọ́n ń kó pákó ìlú pamọ́ sí. Ọ̀nà kan la òkìtì ìlú kọjá. Bí òkun bá ń ru, àwọn ọkùnrin á fi pákó dí i. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí òkun ya wọ̀lú, wọ́n kanlẹ̀kùn: "Baba Krina, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ bọ̀!" Ó nawọ́ sára ìṣó tó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n tú gbogbo ilé. Nígbà tí wọ́n máa fi àáké já ìlẹ̀kùn ilé pákó, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìjọ gba oyè alàgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó kù fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì ni kó máa gbé ẹyín iná kiri sínú àwọn àpótí tí àwọn obìnrin ń gbé ẹsẹ̀ lé nígbà òtútù. Nídìí oúnjẹ, "Àmín" nìkan ni ìyàwó rẹ̀ ń bá a sọ.

Sọ́ńdè tí mò ń wí yìí ló pé ọdún kan. Àlùfáà ní pàṣán Ọlọ́run ni ìkún omi náà. Tannetje gbé mínítì kalẹ̀. Ní apá kejì, ó fẹ́lẹ́. Ní apá kẹta, ó wolẹ̀, kò rí mínítì mọ́. Kọ́kọ́rọ́ ló wà níbẹ̀. Irin gígùn, iyanrìn kún ojú rẹ̀, ewéko òkun lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, omi sì ń ro tó, tó, tó sórí pákó ilẹ̀.

Kò ya Tannetje lẹ́nu. Ẹ̀rù ló bà á.

Ní Sátidé ìkún omi yẹn, ó ti bó ànàmọ́, ó ti lọ kọfí, ó ti nu bàtà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Olúwa. Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni wọ́n máa jẹ lọ́jọ́ kejì. Ó gbọ́ atẹ́gùn. Ó mọ̀ pé wọ́n máa wá pe Marinus, pé iṣẹ́ pákó á wọ Sọ́ńdè. Ṣé ọwọ́ tó ru pákó lọ́jọ́ ìsinmi ni alàgbà máa fi mú àkàrà mímọ́? Ìkún omi ti wá rí tẹ́lẹ̀, ó sì ti padà lọ. Ló bá yọ kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, ó tì í bọ àpò aṣọ onírun tí Krina ń wọ̀ ní Sọ́ńdè, níbi tí ọkùnrin kankan ò ní wò. Nígbà tí wọ́n ń wá a, òun ló gbé fìtílà dání fún wọn. Nígbà tó máa sáré lọ sí yàrá, Krina ti gbé aṣọ onírun náà wọ̀ nítorí òtútù, omi sì ti gbé ìlẹ̀kùn lọ, ó gbé ọmọ náà tẹ̀lé e. Irin náà wúwo. Kò sí alẹ́ kan tí kò rántí bó ṣe wúwo tó.

Marinus ń bọ̀ láàárín bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹyín iná. Tannetje gbé ìwé orin. Tó bá fi bo kọ́kọ́rọ́, ọkọ rẹ̀ á kọjá, ọmọ rẹ̀ á sì tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà náà ni ọwọ́ kékeré kan, tútù bíi yìnyín, di ọmọńdinrín rẹ̀ mú. Kò fà á. Ó kàn ń dúró dè é.

Ó fi ìwé orin sórí ẹsẹ̀, ó sì dìde.

"Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ yẹn pamọ́," ó wí sókè.

Àlùfáà la ẹnu, kò lè pa á dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, obìnrin kankan ò sọ̀rọ̀ sókè rí níbẹ̀. Marinus gbé ẹyín iná kalẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó yí i wò.

"O gbé fìtílà dání fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba Krina."

"Níbo ló wà?"

"Lápò rẹ̀."

Kò lù ú, kò sọkún. Ó jáde láàárín ìwàásù, ó lọ fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ sára ìṣó rẹ̀ nílé, ó kó ẹrù rẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Omi ṣì ń ro lára irin náà títí di bá a ṣe ń sọ yìí. Tannetje gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń dà á nù.

Ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó ń kan sáárá sí i mọ́, Jacomina náà sì ti pààrọ̀ ìjókòó. Bí apá kìíní bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń mú mínítì méjì jáde, á gbé ìkejì sórí bẹ́ǹṣì, á sì máa wò ó títí ìwàásù á fi parí. Lẹ́yìn náà, á dá a padà sínú agolo, ní gbígbẹ, bó ṣe mú un jáde.