Ọrùn Tí Ó Sán Lábẹ́ Ọ̀dà

Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ń rùn, àwọn mìíràn sì wà tí ń dán. Ti Kúlígà Tapsoba ń dán.

Ìwọ tí o mú ìwé pélébé yìí dání lè má mu ọtí rárá. Ó lè jẹ́ pé o kò jalè rí, o kò sì wo aya aláya lẹ́ẹ̀mejì. Kúlígà náà kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ni ní ìlú Wàgàdúgù, kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í bá aládùúgbò jà. Bí ó bá ti délé, abẹ́ igi dóńgóyárò inú àgbàlá rẹ̀ ni yóò forí lé, ibẹ̀ ni yóò ti máa tú alùpùpù àtijọ́ palẹ̀ tí yóò sì máa tò ó padà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dákẹ́.

Ó mọ iṣẹ́ náà. A kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ ọn. Ó mọ bí a ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha pulọ́ọ̀gì tí èéfín ti dí, bí a ti ń fi bẹntiróò fọ kabúrétọ̀, àti bí a ti ń gé ṣéènì tí ó ti fà kúrú. Alùpùpù tí àwọn ènìyàn ti sọ di òpó tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́, Kúlígà á rà á ní owó pọ́ọ́kú, á gbé e wálé, láìpẹ́ yóò tún máa ké lójú pópó. Ìdí nìyí tí àdúgbò fi sọ ọ́ ní Ajíkùú. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Á ní Ọlọ́run ń jí ènìyàn, òun ń jí alùpùpù, kí olúkúlùkù gbájú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkú ni ó ń jí. Èyí tí ó bá kọ̀ tí kò jí, Kúlígà á kùn ún ní àtíkè. Á da epo tí ó ki sínú ẹ́ńjìnnì tí ó ti jẹ tán, kí ariwo rẹ̀ lè sùn títí ẹni tí ó rà á yóò fi yí kọ́nà. Á fi lẹ̀ẹ́ mú búréèkì tí kò mú mọ́. Nígbà tí ó bá sì ti kùn ún ní ọ̀dà pupa, ojú oníbàárà kì í rí ohun mìíràn. Ọgbọ́n ajé ni ó pe èyí. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin rẹ̀ àti olè tí ń fọ́lé? Olè ń kó ẹrù lọ, ó sì lè fi ẹ̀mí sílẹ̀ fún onílé.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, bíríkìlà, tí ń jẹ́ Matiasi Toe. Mósì ni Kúlígà, Sámò ni Toe. Láàrin ẹ̀yà méjèèjì yìí, láti ayé àwọn baba wọn, èébú ni ìkíni, ẹni tí ó bá bínú ni ó sì jẹ̀bi. Toe á yọ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹrú mi, ta ní fún ọ láyè láti jókòó kí n tó dé?" Kúlígà á fi àwọn Sámò ṣe ajẹjá, á ní kí ó yára lọ, wọ́n ti ń pín orí ajá nílé wọn. Wọn á wá jọ mu omi jéró nínú igbá kan náà.

Toe ti gba Jésù gbọ́, inú ẹ̀fẹ̀ yìí ni ó sì ti ń wàásù. Á ní, "Ẹrú mi, iná ọ̀run àpáàdì kò mọ ọ̀dà o. Yóò bó o kúrò lára rẹ pátápátá ni." Kúlígà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á ní àwọn ajẹjá ni wọ́n kọ́kọ́ máa sun níbẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ nìyí: ó ti mọ́ ọn lára pé ohunkóhun tí ó bá ti ẹnu Sámò jáde, eré ni. Ó ń gbọ́ òtítọ́ lójoojúmọ́, ó sì ń fi ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n dànù.

Lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí eruku ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, Kúlígà ra alùpùpù kan tí ọkọ̀ akẹ́rù ti kọ lù. Ọrùn rẹ̀, níbi tí fọ́ọ̀kì iwájú ti wọ inú férémù, ti sán. Ó gbé e lọ bá wẹ́dà. Wẹ́dà tẹjú mọ́ ọn, ó ní irin náà ti kú, kò gba jíjó mọ́, kí ó gé e sọ nù. Kúlígà dúpẹ́, ó gbé e padà wálé, ó fi lẹ̀ẹ́ líle tí a fi ń dí ihò ara mọ́tò dí ojú ibi tí ó sán, ó fi sánpépà họ ọ́ títí ó fi jọ̀lọ̀, ó sì kùn ún ní pupa.

Zalisa ahunṣọ ni ó rà á. Obìnrin tí ó máa ń gbé aṣọ tí ó hun lọ tà ní ìlú Kaya ni, ọmọ rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí Kúlígà ti tà á ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bóòtù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dè, á tún un tú, á tún un dè. Bí alùpùpù bá kọjá lójú pópó, á fi òkèlè tùwó sílẹ̀ lọ́wọ́, á sáré yọjú. Bí ó bá jẹ́ pupa, àyà rẹ̀ á já. Bí kò bá jẹ́ pupa, àyà rẹ̀ á tún já, á máa rò ó pé níbo wá ni èyí tí ó pupa wà. Tálátò aya rẹ̀ bi í bóyá ìjàlọ ni ó wọ̀ ọ́ ní ṣòkòtò. Ó ní kò sí nǹkan. Ó jókòó, ó dìde, ó gbá àgbàlá tí wọ́n ti gbá.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Zalisa fúnra rẹ̀ ti alùpùpù náà wọlé. Ó ní nǹkan kan ń dún kọ́kọ́ níwájú nígbàkúùgbà tí òun bá tẹ búréèkì. Ó ti di ẹrù aṣọ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù náà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa ìka mu.

Kúlígà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọwọ́ alùpùpù náà mú, ó mì ín. Ọrùn náà yẹ̀. Ó rí ìlà tín-ín-rín kan lójú ọ̀dà, bí irun orí. Ó rí i dájúdájú. Ó wá mú sípánà, ó fún bóòtù kan tí kò kan ọ̀ràn náà rárá, ó ní eruku ni, kí ó máa lọ.

Zalisa kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó ní, "Kí Ọlọ́run túbọ̀ fún ọwọ́ yín lágbára, Bàbá."

Kúlígà ṣe àmín.

Toe wà lórí bẹ́ǹṣì láti ìgbà tí obìnrin náà ti dé. Nígbà tí ó lọ tán, Kúlígà ń dúró de èébú. Kò gbọ́ ọ. Ó yíjú sí i, ó ní, "Sámò, ṣé orí ajá ló há ọ lọ́fun ni?"

Toe dìde. Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Bàbá Tapsoba," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọrùn alùpùpù yẹn ti sán?"

Kúlígà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà ni ó pè é ní Bàbá, tí ó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Kódà níbi ìsìnkú Mósì, iwájú òkú ni Sámò ti ń ṣẹ̀fẹ̀. Kí ni ó wá burú ju ikú lọ, tí Sámò fi ṣí fìlà?

"Má pè mí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Bú mi."

"Ẹ̀fẹ̀ ti tán, Bàbá. Ẹ dá mi lóhùn."

"Ó ti sán. Mo mọ̀ kí n tó tà á. Wẹ́dà sọ fún mi pé irin náà kò gba jíjó mọ́."

Kúlígà kò dúró wọ bàtà. Ó fa alùpùpù tirẹ̀ jáde, èyí tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tí kò fi lẹ̀ẹ́ kankan kàn rí. Toe bẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà Ziniare tí a ń gbà lọ sí Kaya. Gbogbo òkìtì tí ó bá rí lókèèrè ni ó rò pé òkú obìnrin ni. Kí wọ́n tó dé Ziniare, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wọn lábẹ́. Ó mọ ohun tí ó ṣe é: ihò afẹ́fẹ́ ìdérí táńkì ti dí, bẹntiróò kò sọ̀ mọ́. Ó ṣí i, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ìdérí náà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú iyanrìn.

"Bí mo bá bá a ní ilẹ̀ ńkọ́?" ó ní. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ọlọ́run?"

"Ohun tí ẹ sọ fún mi nínú àgbàlá," ni Toe dáhùn. "Ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹnu yín ni Ó ń dúró dè."

Kúlígà ní kí òun kọ́kọ́ tún ayé òun ṣe ná, kí òun tó lójú tí òun fi lè wò Ó.

"Kí ni wẹ́dà sọ fún yín nípa irin yẹn? Ó ní kò gba jíjó mọ́. Báyìí ni ọkàn yín rí, báyìí náà ni tèmi rí tẹ́lẹ̀. Jésù kò wá fi ọ̀dà kùn ún. Ó kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yín, Ó sì jíǹde. Ọkàn mìíràn ni Ó ń fúnni."

Kúlígà kúnlẹ̀ sínú eruku náà, epo ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní ìka rẹ̀. "Jésù," ó ní, "òpùrọ́ ni mí. Mo ń pe ara mi ní ajíkùú, èmi gan-an ni òkú. Gbà mí. Dá obìnrin yẹn sí. Bí o kò bá sì dá a sí, má jẹ́ kí n sá."

Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára ìdérí náà, ó dé e padà, ẹ́ńjìnnì sì jí. Má ṣe rò pé ó jókòó láti sinmi. Ìdáríjì tí ó rí gbà ni ó túbọ̀ ń lé e lọ.

Wọ́n bá Zalisa ní Ziniare, lọ́dọ̀ àwọn tí ń din àkàrà létí ọ̀nà. Ó jókòó, ó ń jẹun. Kúlígà kò kí i. Ó he ìṣó kan nílẹ̀, ó kọjú sí alùpùpù pupa náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọrùn rẹ̀. Ọ̀dà bó. Lẹ̀ẹ́ fọ́ wẹ́wẹ́ jáde. Nígbà tí ó ki ìṣó náà bọ ibi tí irin ti sán, ìṣó wọlé, ó sì dúró síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ti pé jọ.

"Ìyá," ó ní, "mo mọ̀ kí ẹ tó rà á. Mo mọ̀ ní òwúrọ̀ yìí nígbà tí ẹ ń súre fún mi."

Zalisa wo ìṣó náà. Ó tú ọ̀já rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ wá síwájú, ó dì í mú mọ́ àyà.

"Ẹ sì ṣe àmín," ó ní.

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn alákàrà sọ ìyókù fún un, a kò lè kọ ọ́ síhìn-ín. Kúlígà dúró gbà á. Ó fi kọ́kọ́rọ́ alùpùpù baba rẹ̀ lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó ní tirẹ̀ ni láti òní, ó sì ṣàlàyé pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú lọ́nà, kí ó ṣí ìdérí táńkì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

"Ṣé èyí náà tún ní àṣírí mìíràn?"

"Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni mo sọ yìí, Ìyá."

Zalisa gba kọ́kọ́rọ́ náà láìdúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kúlígà di ọwọ́ alùpùpù pupa náà mú láti tì í padà sí Wàgàdúgù. Toe dé fìlà rẹ̀. "Ẹrú mi," ó ní, "tì í dáadáa. Sámò kì í bá Mósì ti ẹrù." Ibẹ̀ ni Kúlígà ti bú sẹ́kún.

Ó fi ayùn gé férémù náà sí wẹ́wẹ́ lójú gbogbo àdúgbò. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí ó ti tà fún rí, láti ilé dé ilé. Àwọn kan dárí jì í. Ọkùnrin kan gbá a létí. Ní ilé kan, opó ni ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì ní ẹni tí ó ra alùpùpù náà kò sí mọ́. Kúlígà kò béèrè ohun tí ó pa á kí ó tó wólẹ̀. Jésù ti dárí jì í. Síbẹ̀ ó ṣì ń lọ bẹ opó náà wò ní ilé náà títí di òní.

Ìwọ tí o ń kà yìí, n kò mọ ohun tí o tà, tàbí ohun tí o sọ, tàbí ẹni tí o fi àmín dá lóhùn nígbà tí o mọ̀ pé irọ́ ni. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí o kì í fi í lè jókòó jẹ́ẹ́. Má ṣe pe àìbalẹ̀ yẹn ní àárẹ̀, má sì wá oògùn sí i. Àánú Ọlọ́run ni, Òun ni kò jẹ́ kí o sùn lọ.

Jésù tí ó kú fún Kúlígà kú fún ọ. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sọ ọ́ fún Un pẹ̀lú orúkọ tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ń jẹ́ gan-an. Yóò gbà ọ́ lónìí. Lẹ́yìn náà, dìde. Ẹnì kan ti wà lójú ọ̀nà, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Sáré bá a.