Ìlà Àkọ́kọ́ Nínú Ìwé Àpótí

"Bó o bá fọwọ́ kàn án kí n tó débẹ̀, màá là ẹ́ lórí!" ni ọmọ káfíńtà ń pariwo lẹ́yìn.

Ìjì kò bojú wẹ̀yìn. Torí ìbínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé ìwé, àmọ́ lọ́jọ́ náà ojúkòkòrò ló ń lé e sáré. Ọjọ́ mẹ́ta ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ti ń fẹsẹ̀ tọ ọ̀nà tóóró etí odò, tí fóònù ń júwe ibi tí àwọn arìnrìn-àjò fi àpótí kéékèèké pamọ́ sí: inú ihò igi, abẹ́ afárá, ẹ̀yìn òkúta. Ẹni tó bá rí ọ̀kan á kọ orúkọ sínú ìwé pélébé inú rẹ̀, á sì dá a padà bó ṣe bá a. Wọ́n ti rí mẹ́fà, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì rí ìkeje yìí. Àwọn méjèèjì ti búra pé àwọn á jọ kọ orúkọ sórí ìlà àkọ́kọ́ ni.

Ìjì wú àpótí irin náà jáde lábẹ́ gbòǹgbò, ó fa bírò yọ, ó kọ orúkọ tirẹ̀ gàdàgbà, ìlà kún.

Ọmọ káfíńtà dé, ó ń mí hẹlẹ. "Orúkọ tèmi dà?"

"Kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ta ló ní kó o máa rìn bí ìgbín?"

"Ọ̀dàlẹ̀! Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ kọjá ẹrẹ̀ lánàá!"

Ọ̀pá tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ fún un ló fi na Ìjì léjìká. Gbòà! Ó tún nà án. Ojú Ìjì ṣú. Ó gbé àpótí irin, ó là á mọ́ ọn lójú. Ẹ̀jẹ̀ tú yàà. Wọ́n wọ̀yá ìjà, wọ́n ń fa ara wọn nírun, wọ́n ń bu ara wọn jẹ. Ìbínú kò kúkú mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: etí odò ya lábẹ́ wọn, wọ́n já lu òkúta inú omi. Apá ọmọ káfíńtà dún kẹ́ẹ́ bí igi gbígbẹ.

"Ìjì, mi ò ríran! Ojú mi!"

Ìjì wọ́ ọ jáde, ó gbé e sẹ́yìn, ó ń sunkún rìn títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

"Ta ló ṣe ẹ́ báyìí?" ni nọ́ọ̀sì bi ọmọ káfíńtà.

"Mo ṣubú ni, Ma."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìjì ju ọ̀pá lọ. "Irọ́ ni, Ma. Èmi ni."

Apá san. Ojú kan kò ríran mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìjì nìkan padà lọ sí etí odò. Àpótí ṣì wà nínú koríko, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn létí. Ó pa orúkọ tirẹ̀ rẹ́, ó kọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, ó sì dá àpótí padà sábẹ́ gbòǹgbò.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ronú kí ẹ tó gbọ́wọ́ sókè. Àpótí ṣeé dá padà bí a ṣe bá a. Ojú ọ̀rẹ́ ẹni kò ṣeé dá padà.