Nọ́ńbà Ẹ̀yìn Géètì

Ọjọ́ kọkànlá nìyẹn tí Hàmídù wẹ́dà kò tan ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀. Ó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ehinogbè, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo títì bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ kíka ọ̀kadà. Fóònù rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tí Naimat, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe ìdánwò àṣekágbá ní girama, dé láti ilé ìwé, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá mi."

"Ìjókòó ti sú mi," ni Hàmídù dáhùn. "Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò. Ṣé o rí ìdánwò náà ṣe?"

"Mo gbìyànjú, sà."

"Ó dára. Nínú ilé yìí, ìwọ nìkan ni iṣẹ́ rẹ ṣì ń lọ."

Naimat wọlé kíákíá kí bàbá rẹ̀ má baà rí ojú rẹ̀.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Hàmídù ti ń ṣe géètì. Gbogbo èyí tó bá ṣe ló máa ń fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí lẹ́yìn, láti inú ìlú Ọ̀wọ̀ títí dé Emure-Ile, títí dé Okeluse. Bí ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni bá yẹ̀, ẹ̀yìn géètì ni onítọ̀hún yóò lọ wò, yóò sì pè é. Nítorí náà ni kò ṣe jẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà yẹn rí. Síìmù kejì wà nínú fóònù rẹ̀ tó fi ń pe èèyàn, torí pé ó dínwó. Ti àkọ́kọ́, ìpè oníbàárà nìkan ló wà fún, ìpè oníbàárà sì ti dákẹ́.

Hàmídù kò fura sí fóònù. Ara rẹ̀ ló fura sí. Wẹ́dà ọ̀dọ́ kan, Kàsúmù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí etí títì, ó gbé pátákó aláràbarà kọ́. Ní alẹ́ àná ni Hàmídù sọ fún Naimat pé bóyá ojú òun kò ríran dáadáa mọ́, bóyá àwọn èèyàn ti rí i pé ìlà ìjórin òun ń wọ́, tí wọ́n sì ń tijú láti sọ fún òun. Àgbàlagbà ọkùnrin sọ èyí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ó sì lọ sùn láìjẹun. Kò sí ohun tó burú tó kí èèyàn máa wo ẹni tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ohun tí kò ṣe, kí ó sì jẹ́ pé ìwọ lo mọ̀dí rẹ̀.

Naimat mọ̀dí rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì mọ gbogbo rẹ̀.

Nínú oṣù kìn-ín-ní ni. Ìyá rẹ̀ ti lọ sí Ipele láti tọ́jú ìyá tirẹ̀ tó ń ṣàìsàn, Naimat ló sì máa ń jókòó ti fóònù ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé, torí Hàmídù kì í gbé fóònù nígbà tí ìbòjú dúdú bá wà lójú rẹ̀. Fóònù dún. Ohùn obìnrin kan ni, ó dùn bí oyin.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Iléeṣẹ́ fóònù yín ni mo ti ń pè. A ti yan nọ́ńbà yìí fún dátà ọ̀fẹ́."

"Nọ́ńbà bàbá mi ni. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Kò burú. Kọ̀ǹpútà wa ni kì í gba ọmọdé. Tí mo bá bi ẹ́ léèrè, ṣáà sọ pé ìyàwó rẹ̀ ni ẹ́."

Naimat wo bàbá rẹ̀. Iná ń ta pàrà lára irin, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rántí Toyyibah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń fi dátà wo ẹ̀kọ́ ìṣirò, tó sì ti sọ fún un níwájú gbogbo kíláàsì pé, "Naimat, ìgbà wo lo máa ra tìẹ?" Ojú ṣì ń tì í.

"Ṣé Bàbá mi ò ní san nǹkan kan?"

"Kọ́bọ̀ kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ mọ́, ẹ ó kàn sọ. Ṣùgbọ́n yára, ó ku ìṣẹ́jú kan kí ó kọjá."

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ta ni yóò rántí òwe nígbà tí dátà ń kanlẹ̀kùn? Naimat ní, "Ìyàwó rẹ̀ ni mí." Kóòdù wọlé sórí fóònù, ó kà á fún obìnrin náà. Dátà dé lóòótọ́. Ó fi wo ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ká má purọ́, ó fi wo ijó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan dé ní èdè òyìnbó: wọ́n ní nọ́ńbà náà ti wọ àdéhùn ọdún kan àtààbọ̀, owó oṣù àkọ́kọ́ sì ti tó san. Naimat kà á, ẹ̀rù bà á. Ó pa á rẹ́. Òmíràn dé, ó pa á rẹ́. Ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ kà á. Nígbà tí wọn kò kọ̀wé mọ́, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkànlá yẹn gan-an ni Jonah, àgbẹ̀ kòkó kan láti Okeluse, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Hàmídù, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?" ni ó bi í. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń pè ọ́. Obìnrin inú fóònù ní wọ́n ti ti ìlà rẹ pa. Ilé ìwé Emure-Ile ní kí n bá wọn wá ọ fún fèrèsé tuntun. Wọ́n pè títí. Wọ́n ti gbé e fún Kàsúmù."

Hàmídù fi síìmù kejì pe ti àkọ́kọ́. Ó gbọ́ obìnrin inú fóònù náà fúnra rẹ̀. Ó tún pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ fóònù, obìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò gbójú sókè. Ó ní gbèsè àdéhùn kan ló jẹ́ kí àwọn ti ìlà náà pa, ìyàwó Hàmídù ló sì gba àdéhùn náà lórí fóònù. Hàmídù ní ìyàwó òun ń bẹ ní Ipele láti ọdún tó kọjá. Obìnrin náà ní ó dára, kí ó lọ búra ní kóòtù pé kò sí ẹnì kankan nílé rẹ̀ tó gba ìpè náà, kí ó mú ìwé ìbúra wá.

Nígbà tó délé, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Naimat, ọmọ mi, ṣé ìwọ lo gba ìpè yìí?"

"Rárá, sà."

"Mo mọ̀. Mo kàn bi ọ́ ni."

Kò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbàgbọ́ yẹn ló wúwo jù fún Naimat. Ìbá sàn kí ó nà án.

Ní Ọjọ́rú tí Naimat kò ní ìdánwò, Hàmídù ní kí ó bá òun lọ sí kóòtù láti ka òyìnbó inú ìwé ìbúra náà. Aládùúgbò wọn, Bàbá Oyèníyì, tó fi ọdún márùndínlógójì ṣiṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, sin wọ́n lọ. Akọ̀wé kóòtù gbé ìwé síwájú.

"Ẹ kọ ọ́ dáadáa pé ọmọ mi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀," ni Hàmídù wí. "Èyíinì, mo lè fi ẹ̀mí mi búra lé e lórí."

Ó ti na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Naimat kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má búra. Èmi ni."

Ọwọ́ Hàmídù wà lókè fún ìgbà díẹ̀, àfi bí ẹni pé ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó bẹ akọ̀wé, ó jáde. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Naimat sọ gbogbo rẹ̀, dátà, kóòdù, àti àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó pa rẹ́.

"Ó ti tán nìyẹn," ni Hàmídù wí. "Ọmọ mi ló gbà á. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?"

"Ta ló sọ pé ó ti tán?" ni Bàbá Oyèníyì bi í. "Hàmídù, ká ní o búra, ohùn ọmọ rẹ ni wọn ì bá fi sọ ọ́ di òpùrọ́. Wọ́n máa ń gba ohùn irú ìpè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ ni kí o béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí o gbọ́ ọ. Ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ sọ iye, kí ó sọ ọjọ́ tí yóò parí, kí ó tó gba 'bẹ́ẹ̀ ni' lẹ́nu èèyàn. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀tàn gbà lẹ́nu ọmọdé, a lè kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an la máa kọ ọ́, láìfi ohunkóhun pamọ́."

Naimat ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà náà. Ó kọ ọjọ́ àti àkókò ìpè. Nígbà tó dé ibi tó ti ní láti kọ ọ́ pé òun pe ara òun ní ìyàwó bàbá òun, ó sunkún, ó nu ojú, ó kọ ọ́.

Má bi mí bí ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn ṣe rẹ̀ wọ́n tó. Ẹ lọ, ẹ máa bọ̀. Ọ̀gá kò sí. Iná kò sí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ ni Bàbá Oyèníyì ń gba nọ́ńbà ẹ̀sùn àti orúkọ ẹni tó dá wọn lóhùn, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù. Ọjọ́ kẹrin ni ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ọ́fíìsì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìpè tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà nínú yàrá kékeré kan. "Ṣáà sọ pé ìyàwó rẹ̀ ni ẹ́." "Kọ́bọ̀ kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn." Naimat gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń dáhùn, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní àwọn fagi lé àdéhùn náà àti gbèsè rẹ̀, àwọn sì tọrọ àforíjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlà ti ṣí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ fèrèsé Emure-Ile ti bọ́ lọ́wọ́ Hàmídù, Kàsúmù ti ń jó irin rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Naimat sọ ìtàn náà fún Toyyibah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: kí wọ́n má ṣe gba ohun tí ẹni tí wọn kò rí ń kán wọn lójú láti gbà, kí wọ́n má ka kóòdù fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n bá sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn, kí wọ́n sọ ọ́ síta kíá, torí ẹ̀tọ́ wà fún ẹni tí wọ́n tàn jẹ.

Ṣùgbọ́n nílé, ó kù síbì kan. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó ní kí ó dárí ji òun.

"Dìde," ni Hàmídù wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Pé wọ́n tàn ọ́, ìyẹn kò dùn mí mọ́. Wọ́n ń tan àgbàlagbà. Ọjọ́ tí mo bi ọ́ tí o ní rárá ló ń dùn mí. Mo ti fẹ́ fi orúkọ Ọlọ́run búra lé ọ lórí, Naimat. Ìlà fóònù ti ṣí. Tèmi àti tìrẹ kò tíì ṣí."

"Kí ni kí n ṣe, sà?"



"Sọ òótọ́ fún mi lónìí," ni Hàmídù wí. "Tó bá di ọ̀la, kí o tún sọ ọ́."