Iná Orí Ìjókòó Morọ́lá

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní ni gílóòbù kékeré tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti yọ ọ́ kúrò lára wáyà. Kò tíì tutù.

Tẹjú lorúkọ mi, rìwáyà ni mí. Iná mọ́tò ni mò ń tún ṣe, ní Máfolúkù. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Bàbá Sàláúdéènì pè mí wá sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìsọlọ̀. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Láàárọ̀ ló máa ń kó wọn wá, á sì gbé ọkọ̀ sínú ọgbà títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mọ́tò náà kì í sítáàtì mọ́ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ra bátìrì tuntun. Òun náà kú.

Ọ̀gá Olúbọ̀wálé, máníjà wọn, ní bàbá ló ń sùn nínú ọkọ̀, tó ń tan fáànù àti rédíò. Bí bátìrì bá tún kú lónìí, kó kó ẹrù rẹ̀. Kò wádìí. Ó ti dájọ́. Inú bí mi. Mo pinnu pé màá fi hàn kí ilẹ̀ tó ṣú pé bàbá ò jẹ̀bi.

Mo dé bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin kan, Ṣemílọ́rẹ, dìde láti ìjókòó iwájú. Ó wò mí tòkè-tilẹ̀.

"Àǹtí rìwáyà, ẹ bá wa tún un ṣe o. Torí pé a ti bọ́ọ̀sì yìí lánàá ni bàtà mi fi já."

"Bàtà yẹn ti já kó o tó débí," ni bàbá wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín wọlé. Ẹ̀ṣọ́ ti ilẹ̀kùn onírin mọ́ wọn láti ìta.

"Kí ló dé tí wọ́n ń tì wọ́n mọ́lé?"

"Kí wọ́n má baà jáde ni," ni bàbá wí. "Ó di aago márùn-ún."

Mo yẹ ibi gbogbo wò. Ọ́tánétọ̀ tó ń fún bátìrì níná ń ṣàájì dáadáa. Kò sí wáyà tó bó. Nígbà tó yá, mo pa mọ́tò, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo tú wáyà kan lórí bátìrì, mo wá fi iná tẹ́sítà mi sí àárín òun àti bátìrì. Bí a ṣe ń mọ̀ nìyẹn. Bí tẹ́sítà bá tàn nígbà tí o ti pa ohun gbogbo, nǹkan kan ń fa iná.

Ó tàn yòò.

Mo ń yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo yọ ti iná inú ọkọ̀, tẹ́sítà kú. Mo dá fíùsì náà padà, mo wọ inú bọ́ọ̀sì.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn mú. Ṣùgbọ́n inú ibẹ̀ dákẹ́ bí inú kànga. N kò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mọ́. Èémí ara mi nìkan ni mò ń gbọ́. Gílóòbù kan ń tàn lórí ìjókòó tó gbẹ̀yìn.

Mo tẹ ẹ́ pa. Mo padà sí ìdí bátìrì. Tẹ́sítà ṣì ń tàn.

Mo padà wọlé. Gílóòbù náà ti tàn.

Mo yọ ọ́, mo fi í sápò. Mo lọ wo tẹ́sítà. Kò kú.

"Bàbá, ta ló ń jókòó lẹ́yìn pátápátá?"

Ó wolẹ̀. "Morọ́lá."

"Ó wà nínú ilé iṣẹ́?"

"Rárá."

"Ibo ló wá wà?"

"Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ara rẹ̀ ò yá lẹ́nu iṣẹ́," ó wí. "Wọn ò jẹ́ kó lọ sílé. Máníjà ní kó lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì títí aago márùn-ún. Òjò ṣú lọ́jọ́ náà. Ó tan iná yẹn. Ó ní ẹ̀rù òkùnkùn ń ba òun."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo ní bátìrì á kú." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo pa iná náà, Tẹjú. Mo lọ jẹun. Nígbà tí mo fi máa dé, ara rẹ̀ ti tutù."



Mo ti wá gbèjà ẹni tí kò jẹ̀bi. N kò mọ ohun tí mo wá ṣe mọ́.

"Gé wáyà rẹ̀," ó wí. "Jọ̀ọ́. Kí mọ́tò lè sítáàtì. Ọmọ mẹ́rin ni mò ń bọ́."

Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá gé e, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bọ́. Mo yọ tẹ́sítà, mo sì tú wáyà bátìrì méjèèjì sílẹ̀. Mo mú páláyà. Mo wọlé.

Ẹ̀yìn ti ṣókùnkùn. Orí ìjókòó iwájú ni iná wà báyìí.

Bàbá ti dúró lẹ́yìn mi. "O ò tú bátìrì ni?"

"Mo tú u."

Ó nawọ́ sí iná náà. "Ibi tí Ṣemílọ́rẹ ń jókòó nìyẹn."

Ó gba páláyà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ gé e fúnra rẹ̀ ni. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì sáré. Àgbàlagbà yẹn sáré lọ sídìí ilẹ̀kùn onírin, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a. Mo tẹ̀ lé e.

"Ṣí i."

"Ta ló ní kí n ṣí i?" ni ẹ̀ṣọ́ bi í. "Aago méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín ni?"

"Jẹ́ kó bọ́," ni bàbá wí. "Ṣí i."

Ẹ̀ṣọ́ kò mira.

Mo wẹ̀yìn. Wáyà bátìrì ṣì ń fì lẹ́nu bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nínú bọ́ọ̀sì, iná ń tàn lórí àwọn ìjókòó, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n tì mọ́lé bá ń wọlé jókòó. Gbogbo rẹ̀ tàn, àfi ti ẹ̀yìn pátápátá.

Ìyẹn wà nínú àpò mi. Ó ń gbóná mọ́ mi nítan.